Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún mi láti sọ̀rọ̀ nípa Alzheimer. Kí ni kí n sọ?

ỌmọMáàmi
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Oṣù Kẹsàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ọjọ́ 21 oṣù náà sì ni Ọjọ́ Alzheimer Lágbàáyé, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kéèyàn máa gbàgbé nǹkan. Ẹgbẹ́ obìnrin tí mo wà ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lé e lórí, torí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo tọ́jú Máàmi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa á rẹ́.

Ibi tó ti ta kókó rèé. Bí mo bá ní kí n ṣàlàyé ọpọlọ, oorun á gbé wọn lọ. Bí mo bá ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí, ẹkún ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀. Wọn á ní "pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú", wọn á dìde, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tó yẹ kó ṣe nílé tiẹ̀.

Ọdún méjì gbáko la fi sọ pé Máàmi ń ṣarán. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n á gbé kọ́kọ́rọ́ sínú fíríìjì, wọ́n á wá ní olè ti wọlé. A máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tiẹ̀ máa ń sín wọn jẹ, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ tí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lẹ́ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó ṣú ni ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ mú lọ sílé, kí ni?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Máàmi, àbúrò mi. Ẹ̀yìn wọn á dáa.

Tèmi ò gùn: Alzheimer kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Ẹ lè rò pé gbogbo ayé ló ti mọ ìyẹn. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Àjọ Alzheimer's Disease International ṣe ìwádìí káàkiri ayé, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2024: nínú 100 ènìyàn, 80 ló rò pé àrùn ìgbàgbé (Alzheimer àtàwọn tó jọ ọ́) jẹ́ ara ogbó, bí ìgbà tí irun bá ń funfun. Nígbà tí wọ́n béèrè ní 2019, bíi 66 ni. Ńṣe ló ń lọ sókè. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ìlera ńkọ́? 65 nínú 100 wa ló sọ ohun kan náà. Ojú tì mí nígbà tí mo kà á, àmọ́ kò yà mí lẹ́nu, torí etí mi ló gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá mi kan rí: "Ìyá, ẹ ti dàgbà nìyẹn." Wọ́n dá obìnrin náà padà sílé láìyẹ ohunkóhun wò.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀. Gbogbo wa là ń gbàgbé. O pàdé ẹnì kan lóde, orúkọ rẹ̀ sá mọ́ ẹ lẹ́nu, ó di òru kó tó wá sí ẹ lọ́kàn: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bi ọ́ pé "ìgbà wo lo dé?", o dá a lóhùn, kò tíì gbé ife omi sílẹ̀ tó fi tún bi ọ́, o dá a lóhùn, ó tún bi ọ́, tí ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere bí ẹni tí kò bi ọ́ rí: ìyẹn gba àyẹ̀wò. Ẹni tó ti ń ṣírò owó ẹgbẹ́ láti 20 ọdún, tí ìṣirò wá dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó sọnù lójú ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Ẹ má fi í wé ará ilé kejì o. Bó ṣe wà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ fi í wé.

Tí onítọ̀hún bá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "nǹkan kan ń ṣe mí o", ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà mìíràn, òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Tíṣà_Àná
Àbúrò, ìtàn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní sùn. Ní 1901, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter wá sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt, Jámánì. Dókítà Alois Alzheimer jókòó tì í. "Kí lorúkọ yín?" "Auguste." "Orúkọ ìdílé yín ńkọ́?" "Auguste." "Kí lorúkọ ọkọ yín?" Obìnrin náà dáhùn pé: "Auguste, bóyá."

Ó kú ní 1906. Dókítà gba ọpọlọ rẹ̀, wọ́n gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n pa á láró kó lè hàn, wọ́n gbé e sábẹ́ maikirosikópù. Ohun méjì ló rí: ìdọ̀tí tó dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti nǹkan bí okùn tó lọ́ mọ́ra nínú wọn. Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ló gbé e síwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen. Ọ̀rọ̀ náà ò tu irun kankan lára wọn. Ní 1910, ọ̀gá rẹ̀, Emil Kraepelin, fi orúkọ Alzheimer sọ àìsàn náà nínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ orí obìnrin yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́. Ẹni ọdún 51 ni. Ẹ̀yin náà, ẹ fi pamọ́ títí ẹ ó fi parí ìtàn, kí ẹ tó wá jù ú sílẹ̀. Kò ní ṣàì sí ẹni tó jù ú lọ nínú ẹgbẹ́ yín, ariwo á sọ. Ẹ wá fi yé wọn lẹ́yìn náà pé lẹ́yìn ọdún 65 ló máa ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ, kẹ́rù má bàa ba àwọn ọ̀dọ́ jù.

ỌmọMáàmi
Háà, Bọ̀dá Tíṣà, ẹ ṣé gan-an. "Auguste, bóyá." Máàmi náà máa ń fi orúkọ ìyá wọn pe ara wọn. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn
Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè lèmi ní. Ó mú ìyá bàbá mi, bàbá mi náà sì ti ń gbàgbé báyìí. Ṣé ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi náà nìyẹn? Ẹni ọdún 29 ni mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá fóònù mi tì, àyà mi á já.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Àwọn ìdílé kan wà tí àbùdá ti ń gbé e látọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ tààrà, tó sì máa ń mú wọn kí wọ́n tó dàgbà, àmọ́ wọn ò pọ̀ rárá. Ní ti àwa yòókù, àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE4 máa ń dá kún ewu rẹ̀, kì í sì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó ní in wà tí àìsàn náà ò mú un títí ó fi kú. Ẹni tí kò ní in wà tó mú. Bàbá ẹ ni kó o mú lọ fún àyẹ̀wò. Ní ti fóònù, máa gbé e síbì kan náà.

Ẹlẹ́rìn-ín
Èmi fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ẹ̀rín ṣẹ̀? Èmi àti bàbá mi rẹ́rìn-ín dé òpin. Èyí tí a fi wọ́n rín ló burú, èyí tí a jọ rín kò burú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàyẹ̀wò fún wọn, dókítà ní kí wọ́n ya ojú aago, kí wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ sí aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣẹ́ kí wọ́n máa ya àwòrán ilé ni bàbá mi fi jẹun. Wọ́n ya róbótó náà, kò wọ́ rárá, ó dùn-ún wò. Wọ́n wá kó 1 dé 12 jọ sápá ọ̀tún, gbogbo wọn fún mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀, apá òsì ṣófo pátápátá. Wọ́n wò ó. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní: "Aago yìí ti bàjẹ́." A bú sẹ́rìn-ín, dókítà náà ò lè pa á mọ́ra. Inú ọkọ̀ ni mo ti lọ sunkún tèmi.

Ohun mìíràn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: kì í ṣe ìgbàgbé nìkan. Kápẹ́ẹ̀tì dúdú kékeré kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa. Wọn kì í fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á di ilẹ̀kùn mú, wọ́n á máa gbọ̀n. A ní oríkunkun ni, wọn ò fẹ́ wẹ̀. Àṣé ihò ni wọ́n ń rí. Lọ́jọ́ tí a ká a kúrò, wọ́n rìn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú ń rí o, ọpọlọ ni kò mọ ohun tí ojú rí mọ́.

Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má bá wọn jiyàn. Bàbá mi á ní àwọn fẹ́ lọ rí ìyá àwọn. Ìyá náà ti kú láti 40 ọdún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo sọ òótọ́, wọ́n sì gba ọ̀fọ̀ náà bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, wọ́n sunkún bí ọmọdé. Kò pẹ́ púpọ̀, wọ́n tún dìde, ìyá àwọn làwọn fẹ́ lọ rí. Ṣé kí n tún túfọ̀ ni? Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo máa ń wí ni, "Ẹ sọ̀rọ̀ wọn fún mi, Bàbá." Wọ́n á sọ ọ́, ara wọn á rọlẹ̀.

Olóòótọ́
Ẹlẹ́rìn-ín, èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ò dùn mọ́ mi. Irọ́ ni.

Ẹlẹ́rìn-ín
Irọ́ ibo? Mi ò ní ìyá wà láàyè. Mo ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ wọn ni.

Olóòótọ́
Ó dáa, mo gbà.

Má_Tàn_Wá_Jẹ
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìṣẹ́jú kan fún àwọn tó ń ta ìwòsàn. Àbúrò ìyá mi ló ṣe, ẹnì kan sì gbé ìgò wá tí yóò "fọ ọpọlọ" láàárín oṣù mẹ́ta. Owó tó yẹ ká fi gba ẹni tí yóò máa wà pẹ̀lú wọn lójú ọ̀sán ló bá a lọ. Kò tíì sí oògùn tó ń wo Alzheimer sàn. Donepezil àti memantine lè ran ìrántí àti ìṣesí lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, wọn kì í dá àìsàn náà dúró. Tuntun méjì tí àjọ tó ń rí sí oògùn lÁmẹ́ríkà fọwọ́ sí ni lecanemab ní 2023 àti donanemab ní 2024. Inú iṣan ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé, ìdọ̀tí tí Tíṣà ń wí yẹn ni wọ́n ń kó kúrò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wà fún. Wọ́n ń fa àìsàn náà sẹ́yìn díẹ̀, ó tán. Wọ́n sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ya àwòrán ọpọlọ ẹni tó ń gbà á látìgbàdégbà. Ẹni tó bá ní tòun ò léwu, tó ń wò ó sàn, tó sì wà nínú ìgò, ẹ sá fún un.

Èyí tó tiẹ̀ burú jù ìyẹn lọ ni àwọn tó ń ní ẹni náà ti ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe lè gba ohunkóhun tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ní "ṣé ìwọ lo pa á?", ó lè ní "èmi ni", torí kò rántí, ó sì ń fẹ́ kẹ́ ẹ dákẹ́ ìbéèrè. Ẹ sọ ìyẹn kó ròkè.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Mo gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì jù (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín). Èrò àwọn èèyàn ni pé, nígbà tí kò ti ní ìwòsàn, kí ni àyẹ̀wò fẹ́ ṣe fún wa? Ohun tó fẹ́ ṣe nìyí: kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ Alzheimer ni Alzheimer.

Tairọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọrùn, tí kò bá ṣiṣẹ́ tó, lè mú kí iyè ènìyàn rá. Àìtó fítámì B12 lè ṣe é. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń jọ ọ́ débi pé ó ń tan dókítà jẹ. Àwọn oògùn oorun kan, àti àwọn oògùn kan tí à ń lò fún ara yíyún, lè sọ arúgbó di aláìmọ-ibi-tó-wà. Arúgbó ṣubú, ó fi orí gbálẹ̀, ó ní kò dun òun. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣìbáṣìbo: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sí agbárí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí ló gbóògùn tí ẹ bá tètè mú un. Mo ti rí ìyá kan tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀, B12 ni wọ́n bá, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ ló wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ọ̀kan tó kù: Alzheimer kì í já lu ènìyàn, yíyọ́ ló ń yọ́ wọlé. Ẹni tí orí rẹ̀ pé lánàá tí kò mọ ọmọ rẹ̀ lónìí, kòkòrò inú ìtọ̀ lè ni, rọpárọsẹ̀ lè ni. Ẹ má dúró de ọ̀la. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ìwé_Mo_Kà
Ẹ fi ti ìdènà sí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 jáde ní 2024. Wọ́n ní bí ayé bá lè mú gbogbo wọn kúrò, ó lè dènà àrùn ìgbàgbé tàbí kó fà á sẹ́yìn fún bíi 45 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá, ọtí àmujù, ìjàǹbá orí, dídá wà láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Èyí tó jọ mí lójú ni etí: ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa tí kò sì lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ta ló máa rò pé etí ń bá ọpọlọ ṣe?

Olóòótọ́
Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìyàwó mi ò mu sìgá rí, kò mutí, ojoojúmọ́ ló ń rìn, ìwé kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún 58 ni nígbà tó mú un. Ohun tí àwọn èèyàn wá ń bi mí ni, "Kí ló máa ń jẹ?" Bí ẹni pé èmi ni mo fi ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀bi lọ sílé.

Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo. Tèmi rèé: ẹ ní kí wọ́n yé béèrè "Ta ni mí?"

Gbogbo wọn ló ń ṣe é, tìfẹ́tìfẹ́ sì ni. Wọ́n á wọlé, wọ́n á tẹríba síwájú ìyàwó mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ dá mi mọ̀? Ta ni mí? Ẹ gbìyànjú, ẹ mọ̀ mí dáadáa!" Ọwọ́ rẹ̀ ni èmi máa ń wò. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí aṣọ rẹ̀, á tú u, á tún ká a. Á ní "Ẹ kú àbọ̀ o", á rẹ́rìn-ín, ọgbọ́n ni ó ń dá. Wọ́n á ní "Ṣé ẹ rí i, ó mọ̀ mí!" Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí: "Mo fìdí rẹmi, àbí?"

Èwo ni ìdánwò? Ẹ wọlé, ẹ dárúkọ ara yín: "Èmi lágbájá ni, a jọ ṣiṣẹ́ pọ̀." Ẹ jókòó. Ẹ mú àwòrán àtijọ́ kan dání. Bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ bá a dákẹ́. Ẹ fi wákàtí méjì jókòó tì í kí èmi lè sùn. Ọ̀rẹ́ mẹ́jọ ló ní. Ọ̀kan ló ṣì ń wá.

ỌmọMáàmi
Bọ̀dá Olóòótọ́, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi gan-an ti ń bi Máàmi pé "Ta ni mí?" láràárọ̀, mo rò pé mò ń bá ọpọlọ wọn ṣeré ìdárayá ni. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Ó ti yé mi báyìí. Auguste ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ tí Nọ́ọ̀sì ṣe, àti àwọn ohun tó jọ ọ́. "Ta ni mí?" ló máa kẹ́yìn. Bọ̀dá Tíṣà fi ti Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ránṣẹ́ sí mi pé mílíọ̀nù 57 ènìyàn ló ní àrùn ìgbàgbé lágbàáyé ní 2021, àti pé nínú 100 wọn, bíi 60 sí 70 ló jẹ́ ti Alzheimer. Màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá kọjá. Mílíọ̀nù ò ní ojú. Ti etí, màá fi ṣe àfikún bí àkókò bá kù.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ kọ orúkọ àwọn àyẹ̀wò sórí ìwé, kẹ́ ẹ pín in. Ẹnu á gbàgbé, ìwé ò ní gbàgbé.

ỌmọMáàmi
Mo ti dé o. Ìṣẹ́jú 17 ni mo lò, wọn ò dá mi dúró. Nígbà tí mo jù 51 sílẹ̀, ariwo sọ bí Bọ̀dá Tíṣà ṣe wí. Nígbà tó kan "Ta ni mí?", gbogbo ilé dákẹ́. Mo rí àwọn méjì tó ń wo ilẹ̀. Àkókò ò tó fún etí. Mo gbàgbé láti tẹ ìwé tí Nọ́ọ̀sì ní kí n pín, ẹ foríjì mí.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, màmá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Akápò ẹgbẹ́ wa tẹ́lẹ̀ ni wọ́n, èèyàn tí kì í fi kọ́bọ̀ ṣìṣe. Ní ọdún tó kọjá wọ́n ṣàdédé gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n ní ó ti tó kí àwọn sinmi. Wọ́n ní kí n tún àwọn orúkọ àyẹ̀wò yẹn pè díẹ̀díẹ̀. Mo pè é, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìkésíni. Mo rò pé ti ọkọ wọn ni, torí bàbá ti lé ní 80. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n kọ orúkọ sókè rẹ̀. Orúkọ ara wọn ni.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ṣé ẹ gba nọ́ńbà wọn?

ỌmọMáàmi
Mo gbà á, mà. Ọjọ́bọ̀ la jọ ń lọ.